Ajá Lẹ́nu-Ọ̀nà Ọlọ́rọ̀

Ẹ ka Ìhìnrere Lúùkù, orí 16, láti ẹsẹ 19 títí dé ẹsẹ 31.



Ìtàn tí a yàn fún ìrònú wa ní oṣù yìí kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ìwé Àdúrà àtijọ́ ti ìjọ wa yàn án ṣe Ìhìnrere fún Ọjọ́ Ìsinmi kìíní lẹ́yìn Mẹ́talọ́kan, a sì ti gbọ́ ọ láti ìgbà èwe wa. Ọkùnrin kan wà tí ó lọ́rọ̀, tí ó ń wọ aṣọ olówó iyebíye, tí oúnjẹ rẹ̀ lójoojúmọ́ sì dà bí oúnjẹ ọjọ́ ọdún. Ọkùnrin mìíràn wà tí a ń pè ní Lásárù, alágbe, tí ara rẹ̀ kún fún egbò, tí wọ́n sì ń gbé sí ẹnu-ọ̀nà ọlọ́rọ̀ yìí. Ìwàásù púpọ̀ ni a ti gbọ́ lórí ìyà tí ọlọ́rọ̀ náà bọ́ sí lẹ́yìn ikú, àti lórí àyà Ábúráhámù tí a gbé Lásárù lọ. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà nínú ìtàn náà tí a kì í sábà dárúkọ. Wọn kò sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tí ó rán wọn níṣẹ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni Olúwa fi sọ ti wọn, ó sì kọjá. Àwọn náà ni àwọn ajá tí wọ́n wá, tí wọ́n sì ń lá egbò aláìsàn náà.

Olúwa wa kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ní ilẹ̀ àwọn Júù, ajá kì í ṣe ohun àmúyangàn. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ bú ènìyàn, wọ́n a pè é ní ajá. Síbẹ̀, nígbà tí ẹni tí ó pe ara rẹ̀ ní ọmọ Ábúráhámù jókòó nídìí tábìlì rẹ̀, ẹranko tí a kà sí aláìmọ́ ni ó lọ bá ẹni tí ń jìyà. Ẹni tí ó ní owó kò wá. Àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ tí ń wọlé tí ń jáde kò dúró. Àwọn àlejò rẹ̀ rékọjá. Ajá ni ó wá.

Àwa Ẹ̀gbá pẹ̀lú kò fi ajá ṣe nǹkan ńlá. Ọdẹ ń lò ó nínú igbó, olóko ń fi í ṣọ́ oko, àwọn tí ń bọ Ògún ń fi í ṣẹbọ, ẹlòmíràn sì ń jẹ ẹran rẹ̀. Àwọn àgbà wa wí pé, bí a bá pe orí ajá, kí a pe orí ìkòkò tí a fi sè é. Èyí tó láti fihàn pé ajá kò jìnnà sí ìkòkò nínú èrò wa. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún wa pé Ọlọ́run lè lo ajá láti tu aláìsàn nínú, ẹ̀rín ni ọ̀pọ̀ nínú wa yóò kọ́kọ́ rín. Àwa tí a ń kọ ìwé yìí ti rín ẹ̀rín náà rí. Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ó pa á mọ́ wa lẹ́nu.

Ní ìgbà òjò kan, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi wa bá ọmọ ajá kan nínú gọ́tà lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kan ti kán, ebi sì ti gbẹ ẹ́. Àwọn ọmọkùnrin kan ti bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́ lókò, wọ́n ń pariwo pé dìgbòlugi ni. Olùkọ́ wọn obìnrin dá wọn lẹ́kun, ó fi àpò ká a mọ́ra, ó sì gbé e wá sí ọgbà ilé wa. A kò fẹ́ gbà á. A wí fún un pé ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kì í ṣe ilé ìtọ́jú ẹranko. Ó kúnlẹ̀, ó sì dá wa lóhùn pé, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ó sùn mọ́jú. Bí ó bá kú, a ó sin ín." Kò kú. Dókítà ẹranko di ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fún un ní oògùn aràn, ó sì gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára nígbà tí àkókò tó. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ó ti ń tiro káàkiri ọgbà. Àwọn ọmọ sọ ọ́ ní Tanímọ̀la.

Ní àdúgbò wa nígbà náà, ọkùnrin kan wà tí ó ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ rí. Àrùn ọpọlọ kọlù ú. Ó lo oṣù púpọ̀ ní ilé ìwòsàn. Ara rẹ̀ balẹ̀, wọ́n sì dá a padà sí ilé ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ilé ni ìyà mìíràn bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti máa ń dúró kí i gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn ọmọ tí ó kọ́ ní ABD ń yọjú lójú fèrèsé, wọ́n a pariwo, wọ́n a sì sá lọ. Òun náà kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ bí kò ṣe ìyá rẹ̀, ìyẹn pàápàá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó yẹ kí a jẹ́wọ́ ohun tí àwa fúnra wa ṣe. A lọ sí ilé náà lẹ́ẹ̀kan. A dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, a ka Sáàmù kan, a gbàdúrà kúkúrú, a kò sì jókòó. Ìyá náà gbé àga wá. A ní a ń kánjú. A kò kánjú rárá. Ẹ̀rù ni ó ń bà wá. Nígbà tí a padà dé ilé, a kọ ọ́ sínú ìwé ìbẹ̀wò wa pé a ti bẹ aláìsàn náà wò.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìyá náà tún ránṣẹ́ pè wá. Bí a ti ń lọ, Tanímọ̀la ń tiro tẹ̀lé wa. A lé e padà lẹ́ẹ̀mejì, kò padà. Nígbà tí a dé ibẹ̀, a tún fẹ́ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, ṣùgbọ́n ajá náà kò dúró. Ó gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, ó wọlé, ó sì lọ dùbúlẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ ọkùnrin náà bí ẹni pé ilé rẹ̀ ni. Ọkùnrin náà wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́, ó sì gbé e lé e lórí. Ojú tì wá. A wọlé, a sì jókòó.

Láti ọjọ́ náà lọ, lẹ́yìn tí a ti gba àṣẹ lọ́wọ́ ìyá náà àti lọ́wọ́ àwọn tí ń tọ́jú ọmọ rẹ̀, a ń mú ajá náà lọ síbẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún tàbí ìkẹfà, bí ọkùnrin náà ti ń fi ọwọ́ pa á lórí, ó la ẹnu, ó sì bi wá pé, "Kí ni ó ṣe é lẹ́sẹ̀?" A sọ fún un pé a kò mọ ẹni tí ó ṣe é, ṣùgbọ́n inú gọ́tà ni a ti rí i, wọ́n sì ń sọ ọ́ lókò. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà náà ni ó wí pé, "Síbẹ̀ ó tún ń wá bá ènìyàn." Ìyá rẹ̀ bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì sọkún.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ yìí di iṣẹ́ ìyanu. Ọkùnrin náà ń lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́ títí di òní, ó sì ń lọ rí dókítà rẹ̀. Oṣù kan a dára, òmíràn a le. Ṣùgbọ́n ó ti ń wá sí ilé Ọlọ́run. Ní Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tí ó wá, àwọn kan dìde kúrò lórí àga tí ó jókòó sí. Ìyá arúgbó kan ni ó dìde níwájú, tí ó ń fi ọ̀pá tẹlẹ̀ lọ títí ó fi dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tí ó sì jókòó tì í. Tanímọ̀la wà lẹ́nu ilẹ̀kùn lóde, ó ń dúró dè é. A rí ohun gbogbo yìí láti orí àga ìwàásù, a sì rántí ẹnu-ọ̀nà ọlọ́rọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni a bẹ̀rẹ̀ sí wádìí, a sì rí i pé ohun tí ojú wa rí kì í ṣe tuntun nínú ayé. Ní ọdún 1796, William Tuke, ọ̀kan nínú àwọn onígbàgbọ́ tí a ń pè ní Quaker, ṣí ilé kan ní ìlú York ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tí ọpọlọ wọn kò balẹ̀. Ní àkókò náà, ẹ̀wọ̀n àti ẹgba ni ọ̀pọ̀ ilé bẹ́ẹ̀ mọ̀ ní ìtọ́jú. Tuke àti àwọn ènìyàn rẹ̀ yàn láti fi inú rere tọ́jú wọn, wọ́n sì kó àwọn ẹran kéékèèké, bí ehoro àti adìẹ, sínú ọgbà, kí ẹni tí gbogbo ènìyàn ń tọ́jú lè ní ohun kan tí òun náà yóò máa tọ́jú. Florence Nightingale, ìyá àwọn nọ́ọ̀sì, fi í sínú ìwé rẹ̀ lórí ìtọ́jú aláìsàn, tí ó jáde ní ọdún 1859, pé ẹran ọ̀sìn kékeré jẹ́ ẹlẹgbẹ́ rere fún ẹni tí àìsàn rẹ̀ ti pẹ́.

Ní ọdún 1944, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan rí ajá kékeré kan nínú kòtò ogun tí a ti pa tì nínú igbó ilẹ̀ New Guinea. Ajá náà kò wúwo tó kílò méjì. Ọmọ ogun mìíràn, William Wynne, ará Cleveland, rà á ní pọ́n-ùn méjì owó Ọsirélíà. Orúkọ ajá náà ni Smoky. Nígbà tí ibà dá Wynne dúbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé ajá náà wá kí i. Àwọn nọ́ọ̀sì rí bí inú àwọn aláìsàn yòókù ti dùn sí i, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí mú un káàkiri láti ibùsùn dé ibùsùn láàárín àwọn tí wọ́n gbọgbẹ́ lójú ogun. Dókítà Charles Mayo tí ó jẹ́ olórí níbẹ̀ sì fọwọ́ sí i. Ní ọdún 1945, ní erékùṣù Luzon, ajá kan náà fa wáyà gba inú páìpù tí gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 70 lábẹ́ pápá ọkọ̀ òfúrufú, kí àwọn ọmọ ogun má baà gbẹ́ ilẹ̀ ní ibi tí ọ̀tá ti lè rí wọn. Nígbà tí ogun parí, ó ń bá a lọ láti máa bẹ àwọn ọmọ ogun wò ní ilé ìwòsàn. Ó sì kú ní ọdún 1957. Ohun tí a sọ nù sínú kòtò ni ó di olùtùnú fún àwọn tí ogun ti fọ́.

Ní New York, Boris Levinson, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títọ́jú ọkàn àwọn ọmọdé, ní ajá kan tí ń jẹ́ Jingles. Ó rí i pé ọmọ tí kò fẹ́ bá àgbà kankan sọ̀rọ̀ a máa ṣí ọkàn rẹ̀ payá níwájú ajá náà. Nígbà tí ó sọ èyí fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1961, àwọn kan fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ní ọdún 1980, Erika Friedmann àti àwọn tí ń bá a ṣiṣẹ́ ròyìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí 92 ènìyàn tí àrùn ọkàn ti gbé dé ilé ìwòsàn. Nínú 53 tí wọ́n ní ẹran ọ̀sìn nílé, 3 ni ó kú kí ọdún tó yí po. Nínú 39 tí kò ní, 11 ni ó kú. Iye wọn kò pọ̀, a kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ di òfin. Ṣùgbọ́n ó tó láti mú kí ẹlẹ́yà dákẹ́. Lónìí, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, àwọn ẹgbẹ́ wà tí ń mú ajá tí a ti dán wò lọ sí ilé ìwòsàn, ilé àwọn arúgbó àti ilé-ẹ̀kọ́. Ti Gẹ̀ẹ́sì kan nínú wọn ti ń ṣiṣẹ́ náà láti ọdún 1983.

Ẹnìkan lè béèrè pé, kí ni èyí kàn wá ní Abẹ́òkúta? Ó kàn wá ju bí a ti rò lọ. Ní ọdún 1944 kan náà tí a rí Smoky nínú kòtò, ilé kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Láńtòrò ní ìlú wa níbí, tí ó gba àwọn ọmọ ogun wa tí wọ́n ti ojú ogun dé pẹ̀lú ọkàn tí ó ti fọ́. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta tí a bí ní ọdún 1923, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá ní Aro. Ó kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ Baptist Boys' High School níbí, ó sì kọ́ ìṣègùn ní Birmingham. Ó lè ṣe bí wọ́n ti ń ṣe ní ìlú òyìnbó, kí ó kọ́ ògiri gíga kí ó sì ti ènìyàn mọ́ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wo àwọn abúlé tí ó yí Aro ká, ó sì bẹ àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ pé kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sí ilé wọn. Olúkúlùkù aláìsàn wá pẹ̀lú ìbátan rẹ̀ kan, ó kéré tán. Wọ́n ń gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, wọ́n ń bá àwọn ará abúlé ṣiṣẹ́ oko, wọ́n ń jẹun pẹ̀lú wọn, wọ́n sì ń sùn láàárín wọn. Ní ọdún 1961, àwọn dókítà ọpọlọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè péjọ sí Abẹ́òkúta fún ìpàdé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà, ojú wọn sì rí iṣẹ́ yìí. Láti ọdún 1973 Lámbò di igbákejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ó sì sùn nínú Olúwa ní ọdún 2004.

Ará, ẹ kíyèsí i. Àwọn àgbẹ̀ Aro kì í ṣe dókítà. Ilẹ̀kùn tí ó ṣí sílẹ̀, àwo ọbẹ̀ kan, àti ọkọ́ kan fún àlejò ni wọ́n ní. Ohun tí gbogbo ayé wá wò ní Ẹ̀gbá ni pé ènìyàn lè gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń ṣe àìsàn láìsá. Ǹjẹ́ kò ní jẹ́ ìtìjú bí àwọn tí wọ́n wá láti òkèèrè bá rí ẹ̀kọ́ yìí kọ́, tí àwa ọmọ onílé sì gbàgbé rẹ̀? Àwọn àgbà wí pé, wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ẹni tí ó ń fi aláìsàn náà ṣe ìran wò ní ọjà, ẹ jẹ́ kí ó rántí pé ìyá kan ni ó bí i, ìyá náà sì lè jókòó tì í ní ìlà kan náà nínú ilé Ọlọ́run, kí ó má lè sọ̀rọ̀ nítorí ìtìjú.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́ ohun mẹ́ta lọ́dọ̀ àwọn ajá ẹnu-ọ̀nà ọlọ́rọ̀.

Èkíní, wọ́n wá. Kò sí ibi tí a ti kà pé ọlọ́rọ̀ náà lé Lásárù, tàbí pé ó lù ú, tàbí pé ó bú u. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé kò wá. Ìgbésẹ̀ díẹ̀ ni ó wà láàárín tábìlì àti ẹnu-ọ̀nà. Nítorí tí kò rìn ín nígbà tí ó wà láàyè, ó di ọ̀gbun tí ẹnikẹ́ni kò lè là kọjá lẹ́yìn ikú. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe bẹ́ẹ̀. A kò ṣe ibi sí aláìsàn. A kàn gba ọ̀nà mìíràn ni.

Èkejì, wọn kò béèrè ohunkóhun kí wọ́n tó wá. Wọn kò bi Lásárù pé, ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ìwọ ṣẹ̀? Ta ni ó fi ọ́ bú? Ṣé àrùn ìdílé yín ni? Àwa ènìyàn ni a ń kó ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lọ sí ibùsùn aláìsàn bí ẹni tí ń gbé ẹrù. Ajá kò mọ̀ bí ẹnìkan bá ti jẹ́ olùkọ́ rí, kò sì mọ̀ pé ó ti di ẹni ẹlẹ́yà. Ọwọ́ tí ó nà sí i ni ó mọ̀.

Ẹ̀kẹta, wọ́n fi ohun tí wọ́n ní ṣe é. Ajá kò ní owó, kò ní oògùn, kò ní aṣọ. Ahọ́n ni ó ní, ahọ́n náà ni ó sì fi tọ́jú egbò. Ẹ wá wo ọlọ́rọ̀ náà nínú ìyà rẹ̀: kí ni ó ń bẹ̀bẹ̀ fún? Ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ìkán omi kan lórí ahọ́n rẹ̀. Ahọ́n tí ó tọ́ adùn wò lójoojúmọ́, tí kò sì kí ẹni tí ó wà lẹ́nu-ọ̀nà rẹ̀ rí, òun ni ó ń jó. Ajá lo ahọ́n tirẹ̀ dáradára ju bí ọlọ́rọ̀ ti lo tirẹ̀ lọ. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin oníwàásù, ẹ̀yin tí a ń fi ahọ́n jẹun pẹ̀lú wa, ẹ jẹ́ kí èyí dùn wá lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ kí a tún rántí ìwé Tóbítì, tí ìjọ wa ń kà fún ẹ̀kọ́ ìwà, bí a kò tilẹ̀ fi í fi ìdí ìgbàgbọ́ múlẹ̀. Nígbà tí Tóbíásì ọ̀dọ́mọkùnrin náà jáde ní ìrìn àjò tí yóò yọrí sí ìwòsàn bàbá rẹ̀ afọ́jú, áńgẹ́lì Ráfáẹ́lì ń bá a lọ, ìtumọ̀ orúkọ ẹni tí í ṣe pé Ọlọ́run ń wòsàn. Ajá ọmọ náà sì ń tẹ̀lé wọn ní lílọ, ó sì ń tẹ̀lé wọn ní bíbọ̀. Ẹni tí ó kọ ìwé náà kò rí i bí ẹ̀gàn pé kí ajá máa bá áńgẹ́lì rìn ní ọ̀nà kan náà.

Ṣùgbọ́n ìfẹ́ láìsí ọgbọ́n a máa ṣe ibi. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fa ajá ìgboro wọ ilé aláìsàn. Dìgbòlugi ṣì ń pa nǹkan bí 59,000 ènìyàn ní ọdọọdún nínú ayé, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ni ó ti ẹnu ajá wá. Láti ọdún 1885 tí Louis Pasteur ti fi abẹ́rẹ́ gba Joseph Meister, ọmọ ọdún 9, là lẹ́yìn tí ajá dìgbòlugi bù ú jẹ, kò yẹ kí àrùn yìí máa pa ènìyàn mọ́. Ẹni tí ajá bá bù jẹ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì sáré lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Kí ó má dúró de àgbo. Ajá tí a ń mú lọ sọ́dọ̀ aláìsàn gbọ́dọ̀ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí ara rẹ̀ mọ́, kí ó ní sùúrù, kí okùn sì wà lọ́rùn rẹ̀. Àwọn onímọ̀ wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga àgbẹ̀ wa ní Alábàtà, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, tí wọ́n kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ẹranko. Kí a má tijú láti lọ béèrè lọ́wọ́ wọn. A kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ajá lá egbò ẹnikẹ́ni lónìí. Lásárù kò ní ẹni tí yóò wẹ egbò rẹ̀. Àwa ní omi, a ní ọṣẹ, a ní ọwọ́. Ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù ajá, kí a má fi í dán an wò. Àwọn ará ilé wa tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí ní òfin tiwọn nípa ajá. Kí a bu ọlá fún un, kí a sì béèrè kí a tó wọlé. Lékè gbogbo rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má gba oògùn kúrò lọ́wọ́ aláìsàn nítorí ajá, tàbí nítorí ìran tí ẹnìkan rí.

Ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ kan wà tí a ń bẹ̀ yín láti ṣe. Ọwọ́ tí ń sọ ajá lókò ní òwúrọ̀ ni ó ń sọ aláìsàn ọpọlọ lókò ní ìrọ̀lẹ́. A ti rí i pẹ̀lú ojú wa. Bí ẹ bá kọ́ ọmọ kan láti sọ òkúta kan sílẹ̀, ẹ ti gba ẹ̀dá méjì là. Sólómọ́nì kọ́ wa nínú ìwé Òwe, orí 12, pé olódodo a máa ṣàníyàn fún ẹ̀mí ẹran rẹ̀. Ǹjẹ́ báwo ni ẹni tí kò lè ṣàánú ẹran tí ó ń rí ní gọ́tà yóò ti ṣàánú arákùnrin tí ẹnu ń tì í láti kí?

Ẹ̀yin ìjọ, a kò ní kí gbogbo yín sin ajá. Ohun tí a ń béèrè kò tó bẹ́ẹ̀, ó sì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé kan wà ní àdúgbò yín tí ẹ kì í dúró níwájú rẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n. Kí oṣù yìí tó parí, ẹ lọ síbẹ̀. Ẹ má dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn bí àwa ti ṣe. Bí wọ́n bá gbé àga wá, ẹ jókòó. Bí ẹ kò bá mọ ohun tí ẹ ó sọ, ẹ má sọ nǹkan kan. Tanímọ̀la kò sọ nǹkan kan. Kí ẹ sì padà lọ ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, nítorí pé ìbẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan a máa tù wá nínú ju bí ó ti ń tu aláìsàn nínú lọ. Àwọn àgbà wí pé, ajá tí ó ní ènìyàn lẹ́yìn yóò pa ọ̀bọ. Aláìsàn tí ó ní ìjọ lẹ́yìn ń kọ́?

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà. Ọlọ́run Olódùmarè, Ìwọ tí ó dá ènìyàn àti ẹranko, tí ó sì rán Ọmọ rẹ jáde kúrò nínú ògo láti wá bá wa ní ẹnu-ọ̀nà tí a dùbúlẹ̀ sí. Dárí jì wá, àwa tí a ti dúró lókèèrè sí àwọn tí Ìwọ súnmọ́. Bojú wo àwọn tí ọkàn wọn dàrú, àti àwọn ìyá tí ń ṣọ́ wọn ní òru. Bùkún ọwọ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ní Aro àti ní ibi gbogbo. Mú ẹ̀rù kúrò ní ẹsẹ̀ wa, kí a lè wọlé, kí a lè jókòó, kí a sì lè dúró tì wọ́n. Nípasẹ̀ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.